Àkàndé Kọ́ Nìyí

"Ta wá nìyí?" Ṣẹ́gunfúnmi fi abẹ ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí tẹlifíṣàn.

Tímótì sún àpótí tó jókòó lé síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tẹlifíṣàn náà, bóyá eruku ló fa ohun tó ń rí.

"Mo rò pé Àkàndé ni," ó wí.

"Àkàndé ló ń fa sìgá yẹn?"

"Wọ́n á sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Máa wò ó ná."

Ṣẹ́gunfúnmi kò lè jókòó. Onígbàjámọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Tímótì nítòsí ọjà Ìkìrun ni tirẹ̀ wà, ó sì ti fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìlàjì irun lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ilé, èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú fíìmù, ọkùnrin òyìnbó tó ń fa sìgá náà wọ ilé ọtí kan, ó sì na gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Ẹni tó ṣẹ́kù kúnlẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi bàtà gbá a lẹ́nu.

"Yé!" Ṣẹ́gunfúnmi kígbe. "Ó gbá ẹni tó kúnlẹ̀!"

"Mo rí i."

"Tímótì, Àkàndé kọ́ nìyí."

"Mo ní mo rí i!"

Ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Òkukù yóò ti jókòó sí gbọ̀ngàn wọn láti wo fíìmù yìí, ẹni tó sì pè wọ́n síbẹ̀ ni bàbá ọmọbìnrin tí Tímótì fẹ́ fẹ́.

Ẹni tí kò bá gbé Ìkìrun lọ́dún 1996 lè má mọ Àkàndé. Inú géèmù ló wà. Ẹ̀gbọ́n Tímótì tó ń tajà l'Alábà ní Èkó ló fi ẹ̀rọ géèmù náà ránṣẹ́ sí i ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo. Atúnrédíòṣe ni Tímótì. Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣàn kan nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì pẹ́ tí àwọn gẹ́ńdé fi ń tò síwájú ilé rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń tò sílé epo lọ. Géèmù náà kò díjú: ọkùnrin kan wé aṣọ pupa mórí, ó mú ọ̀pá irin lọ́wọ́, ó sì ń la ẹnubodè mẹ́jọ kọjá kó lè gba ọmọbìnrin kan tí ẹyẹ dúdú gbé lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń yọ nísàlẹ̀ àwòrán ni kò sẹ́ni tó lè kà. Èdè àwọn ará Jápáànù ni, ó rí gátagàta bí ẹsẹ̀ adìẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo nǹkan fún ọdún mẹ́ta tí kò ní sọ ọ́ lórúkọ? Wọ́n sọ ọkùnrin náà ní Àkàndé, wọ́n sọ ọmọbìnrin náà ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyá arúgbó kan wà nídìí iná ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù tó ń sunkún. Wọ́n ní ìyá wọn ni, nítorí náà Àbẹ̀kẹ́ di àbúrò Àkàndé. Nígbà tó yá, Ṣẹ́gunfúnmi ṣàkíyèsí pé tí ọ̀tá bá ti kúnlẹ̀, tí Àkàndé sì kọjá lára rẹ̀ láìnà án, agbára Àkàndé a máa pọ̀ sí i. Tó bá nà án, agbára náà a dín kù. Tímótì ló túmọ̀ èyí: ìyá wọn ló fi òfin lélẹ̀ kó tó kúrò nílé, pé kò gbọdọ̀ na ẹni tó bá kúnlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń fi kún un lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí tí kò fi sẹ́ni tó rántí mọ́ èyí tí géèmù sọ àti èyí tí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sọ. Ohun kan péré ló kù tí wọn kò mọ̀, ìyẹn òpin rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó kọjá ẹnubodè kẹjọ ní gbogbo Ìkìrun.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ sí ṣọ́ọ̀bù ni, kì bá tí sí wàhálà. Bàbá Ajíbádé ló sọ ọ́ di ńlá. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, díákónì sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ rẹ̀ mú Tímótì wá kí i ní Òkukù, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ pé o ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ sídìí géèmù. Kí ló wà nínú géèmù?" Ẹ̀rù ba Tímótì. Kò mọ ohun mìíràn tí ì bá sọ, ló bá la ẹnu, ó sọ ìtàn Àkàndé láti ẹnubodè kìíní dé ìkeje. Nígbà tó dé ibi òfin ìyá, bàbá náà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn sọ."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Bàbá Ajíbádé fi ìtàn Àkàndé ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù rẹ̀ lórí àánú. Tímótì ti sọ fún un pé wọ́n ti fi géèmù náà ṣe fíìmù, ẹ̀gbọ́n òun sì ti rí i l'Alábà. Bàbá sọ èyí náà lórí àga ìwàásù. Ìjọ ní àwọn fẹ́ wò ó, pàápàá kí àwọn lè mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rí àbúrò gbà. Ó wá sọ fún Tímótì pé, "Gbé fíìmù náà wá. Tí a bá ti wò ó tán, n ó sọ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ yóò wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

Kásẹ́ẹ̀tì náà dé láti Èkó ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Àwòrán ọkùnrin pẹ̀lú aṣọ pupa àti ọ̀pá irin wà lára páálí rẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára ti géèmù. Inú Tímótì dùn débi tó fi kọrin. Àmọ́ Nẹ́pà kò mú iná wá títí di àárọ̀ Sátidé yìí.

Wọ́n fa fíìmù náà síwájú, wọ́n dúró, wọ́n tún fà á. Wọn kò rí ẹyẹ. Wọn kò rí ẹnubodè kan bí kò ṣe géètì ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n fi mọ́tò wó. Ohùn kò bá ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mu. Mọ́tò kan jóná di eérú, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n tún ń wa mọ́tò náà kiri, ó ń dán. Ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé kì í ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni. Ilé ọtí ló ti ń kọrin, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò sì tó fi nu ọwọ́. Ìgbà tí fíìmù ń parí lọ ni aṣọ pupa yọ, ọkùnrin náà sì fi di ojú egbò.

"Wọ́n ti ba géèmù wa jẹ́," ni Ṣẹ́gunfúnmi wí. Inú bí i gan-an, bí ẹni tí wọ́n fi ọbẹ̀ ọjọ́ kẹta lọ̀.

Tímótì ti mú páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn olóró. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣẹ́gun, ta ló sọ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n?"

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Ìwọ kẹ̀. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni, o ní rárá, o ní kò sẹ́ni tó máa sunkún bẹ́ẹ̀ yẹn torí ìyàwó ọmọ. A tiẹ̀ jọ jà sí i."

"Òfin ìyá ńkọ́?"

"Ìwọ náà ni."

Ohun tó ti ń ba Tímótì lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni pé fíìmù kò dára. Èyí tó wá rí báyìí burú ju ìyẹn lọ. Ìtàn tó sọ fún Bàbá Ajíbádé, tí bàbá náà gbé lọ síwájú Ọlọ́run àti ènìyàn, kò sí níbì kankan nínú ayé yìí àfi ní ṣọ́ọ̀bù tòun.

"Wò ó," Ṣẹ́gunfúnmi rẹ ohùn sílẹ̀. "Fa téèpù inú rẹ̀ já. Sọ pé fídíò ló jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa mọ̀?"

Láti ẹ̀yìn ògiri ni oníbàárà abẹ́ abẹ ti ń pariwo pé ṣé báyìí lòun ṣe máa gbé orí délé ni. Ṣẹ́gunfúnmi sáré jáde. Tímótì yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ di ẹ̀rọ fídíò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọ̀nà gáréèjì lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Inisà, níbi tí Olúwaṣìkẹ́mi ń gbé, ó gbé ẹ̀rọ fídíò lé itan, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì dání. Ó mọ kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Tí ó bá fi àtàǹpàkò gbé ìdérí rẹ̀ sókè, tí ó fi ìka kan fa téèpù, ó parí nìyẹn. Ó gbé ìdérí náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún dá a padà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Inisà, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà tàbí méje, ìyá tó jókòó tì í sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní ìwòkuwò.

Olúwaṣìkẹ́mi ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé tó yá ní Inisà, níbi tó ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Tímótì sọ pé Àkàndé ń fa sìgá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. Nígbà tó gbọ́ ìyókù, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

"Dúró ná. Ìtàn tí bàbá mi fi wàásù, ìwọ lo rò ó?"

"Mi ò mọ̀ pé mo rò ó, Ṣìkẹ́mi. Mo fi Ọlọ́run búra. Mo rò pé ohun tó wà níbẹ̀ ni."

"Ohun tí o ò lè kà?"

Tímótì nawọ́ kásẹ́ẹ̀tì sí i. "Ṣẹ́gunfúnmi ní kí n fà á já."

"Tí o bá fà á já, ṣé o mọ ohun tí bàbá mi máa sọ? Á ní, 'Ṣèbí atúnrédíòṣe ni ọ́? Tún un ṣe.' Á sì fa àga jókòó tì ọ́ títí wàá fi tún un ṣe tán." Ó nu ọwọ́ tútù rẹ̀ mọ́ ìró. "Sọ fún un kí àwọn èèyàn tó dé."

"Tó bá lé mi ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó lé ọ nìyẹn. Èmi á bá a sọ̀rọ̀, ó lè gbà, ó lè má gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú ìjọ ló ti máa rí ẹni tó ń gbá ẹni tó kúnlẹ̀ lẹ́nu, Tímótì, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ̀ tí yóò gbọ́. Mo mọ bàbá mi. Ó lè dárí jini. Kó di ẹni ẹ̀sín ni kì í gbàgbé."

Ó wọlé lọ múra. Tímótì dúró ti aṣọ tútù tó ń kán. Ìfẹ́ ọdún méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì ń rí i tó fẹ́ bọ́.

Wọ́n dé Òkukù ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Ajíbádé ti wà ní gbọ̀ngàn. Fúnra rẹ̀ ló ń to bẹ́ǹṣì, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ kó má baà sí èyí tó máa wọ́. Ó ti gbé tẹlifíṣàn pálọ̀ rẹ̀ wá, ó gbé e sórí tábìlì tó fi aṣọ funfun bò. Nígbà tí Tímótì rí aṣọ funfun náà, inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Dìde. O tètè dé, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé a ò ní nílò jẹnẹrétọ̀? Iná wà, ṣùgbọ́n mi ò gba Nẹ́pà gbọ́. Ìyá Keziah ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò ní dá òun dúró. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin."

"Bàbá, sà..."

"So ó pọ̀ ká dán an wò."

Tímótì wo Olúwaṣìkẹ́mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mi orí, kò sì ṣẹ́jú. Tímótì so ẹ̀rọ fídíò mọ́ tẹlifíṣàn, wáyà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ohun tí ọkùnrin kì í sábà ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ohun tí mo sọ fún yín kò sí níbẹ̀."

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Bàbá Ajíbádé kò bínú lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ó gbé jígí rẹ̀ sójú. "Fi í sí i kí n rí i."

Ó rí i. Ó rí sìgá, ó rí ilé ọtí. Nígbà tí bàtà òyìnbó náà gbá ẹni tó kúnlẹ̀ lẹ́nu, ó gbé ọwọ́ sókè. "Pa á."

Tímótì pa á.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìyá rẹ̀ fún un lófin?"

"A rò pé, sà, nítorí tó bá..."

"Mi ò bi ọ́ pé kí lẹ rò. Mo ní ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Nígbà tí mo ní kí o tún ibẹ̀ yẹn sọ, o tún un sọ. O ò gbọ̀n, o ò kólòlò. Ṣé o ń tàn mí ni?"

"Rárá, sà. Mo gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́, mi ò rántí mọ́ pé àwa la sọ ọ́."

Bàbá náà bọ́ jígí rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé kíkà," ó wí. "O mọ ohun tí mo fi ń na àwọn ọmọ kíláàsì kejì jù? Ọmọ tí kò lè kà, tó ń wo àwòrán inú ìwé, tó wá ń dá ìtàn tirẹ̀ sọ, tó sì ń fi ìka tọ ìlà bí ẹni tó ń kà. Àwọn kan ń ṣe é dáadáa. Tí o kò bá wo ìwé, o ò ní mọ̀." Ó fi jígí náà sójú padà. "Èmi náà ò wo ìwé."

Tímótì kò lè gbójú sókè. Ì bá sàn kí bàbá náà pariwo mọ́ ọn.

Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn kan gbé ọmọ pọ̀n, àwọn kan gbé àpótí tiwọn wá nítorí wọ́n gbọ́ pé àyè lè má tó. Kí aago mẹ́rin tó lù, gbogbo bẹ́ǹṣì ti kún. Ìyá Keziah, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ, jókòó síwájú gan-an, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Tímótì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òógùn ti mú ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò mọ ohun tí bàbá náà fẹ́ ṣe. Bàbá kò sọ fún un.

Bàbá Ajíbádé dìde dúró.

"Ẹ̀yin ará, a ò ní wo fíìmù mọ́."

Ariwo sọ. Ó dúró títí ó fi rọlẹ̀, bí ó ti máa ń dúró de àwọn ọmọ ilé ìwé lórí pápá.

"Mo ti wò ó. Kò yẹ ẹ̀yin, kò yẹ ilé yìí. Ìtàn tí mo sọ fún yín ní ọjọ́ ìsinmi kò sí nínú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mi ò tíì fojú rí fún yín bí ẹni pé mo rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ẹ forí jì mí."

Kò dárúkọ Tímótì. Ìyẹn gan-an ló dun Tímótì jù. Ó rí àwọn ọkùnrin méjì lẹ́yìn tí wọ́n ń fi ẹ̀rín wo ara wọn. Ó rí ìyàwó pásítọ̀ tó sorí kọ́ bí ẹni pé òun ni wọ́n bá olè lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún dúró láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Tímótì tẹ̀ síwájú.

"Ẹ má gbọ́, èmi ni mo sọ ọ́ fún Bàbá. Tímótì lorúkọ mi, Ìkìrun ni mo ti wá. A kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú géèmù náà, a wá ń fi tiwa kún un. Mo rò pé òótọ́ ni nígbà tí mo sọ ọ́. Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Jókòó," ni Bàbá Ajíbádé wí láìwo ojú rẹ̀.

"Kó má tíì jókòó o." Ìyá Keziah ló sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ọmọ mi, gbogbo èyí tí ẹ ń sọ, mo ti gbọ́. Àbúrò yẹn ńkọ́?"

"Mà?"

"Àbẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i gbà?"

Àwọn tó ti gbé àpótí lé orí, tí wọ́n fẹ́ máa lọ, dúró. Tímótì wo Bàbá Ajíbádé pé kó gba òun, ṣùgbọ́n bàbá náà ti yíjú sí i bíi ti gbogbo wọn, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó rí i gbà. Ìgbà mélòó ni òun àti Ṣẹ́gunfúnmi ti jókòó sọ bí yóò ṣe rí: ẹyẹ dúdú á balẹ̀, á kúnlẹ̀, Àkàndé kò ní nà án, ẹyẹ á sì ṣí ìyẹ́ rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ á jáde wá. Ó dára púpọ̀. Tó bá sọ ọ́ báyìí, inú gbogbo àwọn wọ̀nyí á dùn, wọ́n á gbàgbé fíìmù, wọ́n á gbàgbé ẹ̀bẹ̀ tí Bàbá bẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

"Mi ò mọ̀, mà," ó wí.

"O ò mọ̀ báwo?"

"Ẹnubodè kẹjọ la dé, mà. Kò tíì sẹ́ni tó kọjá níbẹ̀ rí."

"Háà." Ìyá Keziah fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀sẹ̀ yìí látòkè délẹ̀ ni mo fi ń gbàdúrà fún ọmọ yẹn. Tí mo bá ti gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi tán, mo máa ń fi tirẹ̀ sí i." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Tímótì. "Kàn sọ fún mi pé ó rí i gbà, ọmọ mi, kí n máa lọ sílé."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mà, èmi náà ni mo tún rò ó. Ẹ má bínú."

Ìyá náà mi orí, ó na ọwọ́ kí wọ́n fà á dìde. Àwọn mìíràn kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n pòṣé. Ẹnì kan ní irú kí ni èyí, òun ì bá ti wà lóko. Ẹlòmíràn ní géèmù lásán-làsàn ló kó àgbàlagbà sínú ìtìjú, ó sì sọ ọ́ sókè kí Bàbá lè gbọ́. Kò pẹ́, gbọ̀ngàn ṣófo, ó ku àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n ń to bẹ́ǹṣì padà. Olúwaṣìkẹ́mi mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀. Tímótì di ẹ̀rọ fídíò rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wá gbé tẹlifíṣàn láti lọ dá a padà sí pálọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ tóun máa ṣe kẹ́yìn nínú ilé yìí. Ó ti ń ronú bí òun ṣe máa dágbére fún Ṣìkẹ́mi lójú bàbá rẹ̀.

"Mo rò pé o máa dá òpin kan sọ fún un," ni Bàbá Ajíbádé wí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà?"

"Nígbà tí Ìyá Keziah ń bẹ̀ ọ́. Mo ti ń múra sílẹ̀. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, n ó ní kí o má wá sílé yìí mọ́."

"Ó dé ẹnu mi, sà."

"Mo rí i."

Ìgbálẹ̀ ti dákẹ́. Tẹlifíṣàn náà wúwo, ó ń fa Tímótì léjìká, ṣùgbọ́n kò lè gbé e sọ kalẹ̀, kò sì lè rìn.

"Ọ̀la, wàá wá sí ìjọ," bàbá náà ń bá a lọ. "Ohun tí mo bá wọn sọ lónìí, ìdajì ìjọ ni kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ tún un sọ lórí àga tí mo ti sọ ìtàn náà. Wàá jókòó síwájú, níbi tí wọ́n á ti máa rí ọ. Kò ní dùn mọ́ ọ."

"Mo máa wá, sà."

"Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, kí àwọn ènìyàn rẹ wá. Kí wọ́n dé kí oòrùn tó mú. Mi ò kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́."

Ó gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Tímótì létí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó tẹ orúnkún kan sílẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú tẹlifíṣàn láyà.

"Ẹ gbà mí!" Bàbá Ajíbádé na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣàn mi sílẹ̀ ná."